Ìbéèrè Tí Romana Kò Dáhùn

Òfin ilẹ̀ Austria gba òbí láàyè láti kọ́ ọmọ rẹ̀ nílé, ṣùgbọ́n kò gbà á gbọ́ lásán. Ní ìparí ọdún ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan, ọmọ náà gbọ́dọ̀ jókòó níwájú àwọn olùkọ́ tí kò mọ̀ rí, ní ilé-ìwé tí ìjọba fọwọ́ sí, kí wọ́n bi í léèrè ohun tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti kọ́. Bí ó bá yege, ilé ni yóò tún ti kàwé ní ọdún tí ń bọ̀. Bí ó bá fìdí rẹmi, ilé-ìwé ni yóò máa lọ.

Romana Natter kò bẹ̀rù ohun tí wọn yóò bi ọmọ rẹ̀. Ó ti kọ́ Paulina ní ìṣirò, ó ti kọ́ ọ ní ìwé kíkà, ó sì mọ̀ pé ọmọ náà gbọ́ wọn yékéyéké. Ohun tí ó ń já a láyà ní àárọ̀ ọjọ́ ìdánwò ni pé bóyá Paulina kò ní la ẹnu rárá.

Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni Paulina. Nígbà tí ó kọ́kọ́ wọ ilé-ìwé abúlé wọn, kò sọ ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀ láti ìgbà ìwọ́wé títí di Ọdún Àjíǹde. Olùkọ́ rẹ̀ kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó fi sùúrù bá a lò, ó fi àwòrán tàn án, nígbà tó yá ó fi í sílẹ̀ jẹ́ẹ́. Àwọn ọmọ yòókù kò nà án, wọn kò sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n kàn gbàgbé pé ó wà láàárín àwọn ni. Romana ìbá fara da ìyẹn, ṣùgbọ́n ìdákẹ́jẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé ọmọ wálé. Paulina kọ́kọ́ dákẹ́ sí ìyá bàbá rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó dákẹ́ sí bàbá rẹ̀. Nígbà tí yìnyín bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ lórí òkè, ó dákẹ́ sí ìyá rẹ̀ pẹ̀lú. Bí wọ́n bá pè é, orí ni ó ń mì.

Romana àti Gebhard ọkọ rẹ̀ wá sọ fún ìjọba pé àwọn yóò máa kọ́ ọ nílé ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e.

Ní ìgbà ooru yẹn, Romana wà ní yàrá abẹ́ ilẹ̀, níbi tí wọ́n ń tọ́jú wàràkàsì sí. Ó ń fi omi iyọ̀ nu èèpo wọn, Paulina sì ń gbé àkísà fún un. Láìròtẹ́lẹ̀, ọmọ náà bèèrè ìdí tí omi iyọ̀ kì í fi í jẹ́ kí wàràkàsì jẹrà. Ohùn rẹ̀ ti há. Romana kò yíjú padà, nítorí ẹ̀rù ń bà á pé bí òun bá yíjú padà, ohùn náà lè sá. Ó dáhùn pé òun kò mọ̀ ọ́n dáadáa, ṣùgbọ́n ẹni tí ń ṣe wàràkàsì ní abúlé yóò mọ̀ ọ́n. Ó bọ́ ẹ̀wù iṣẹ́ rẹ̀, ó mú ọmọ lọ́wọ́, wọ́n sì lọ bèèrè. Lójú ọ̀nà ni ó ṣe ìlérí kan fún un: kò sí ìbéèrè tí Paulina yóò bi òun tí òun kò ní dáhùn, bí òun kò bá sì mọ ìdáhùn rẹ̀, àwọn yóò jọ lọ wá a.

Ìlérí yìí ni wọ́n fi ṣe ilé-ìwé ní gbogbo ọdún náà. Wọ́n lọ bá awakọ̀ bọ́ọ̀sì láti bèèrè ibi tí bọ́ọ̀sì ń sùn. Wọ́n lọ bá ẹni tí ń gbẹ́ sàréè láti bèèrè bí ilẹ̀ ṣe tutù tó nísàlẹ̀. Bí Paulina bá ń ka ìwé lọ́wọ́ ní tábìlì ìdáná, tí ó bá ohun tí kò yé e pàdé, yóò dìde láìtọrọ àyè, yóò wá ìyá rẹ̀ lọ sí ibi yòówù tí ó wà, ìbáà ṣe nínú ilé màlúù. Àwọn aládùúgbò a máa ṣàwàdà pé kí oníkálukú tilẹ̀kùn, ìbéèrè ń bọ̀ lójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n níwájú àlejò, Paulina kì í sọ̀rọ̀. Ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ ni yóò dúró sí, yóò sọ ìbéèrè náà sí i létí, Romana yóò sì gbé e dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó mọ̀ ọ́n.

Klothilde, ìyá ọkọ rẹ̀, ti rí èyí tipẹ́, kò sì fi pa mọ́. Ó sọ nígbà kan pé bí nǹkan bá ń lọ báyìí, màlúù nìkan ni Paulina yóò rí fẹ́, torí màlúù kì í retí kí ìyàwó bá òun fọ̀rọ̀ wérọ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ ìdánwò, Gebhard kò sí nílé. Ó ti kó àwọn màlúù lọ sí pápá àárín òkè, bí gbogbo àgbẹ̀ àdúgbò náà ti ń ṣe nígbà tí wọ́n bá fẹ́ kí koríko ìsàlẹ̀ dàgbà fún gígé. Klothilde ni ó di irun Paulina ní méjì, tí ó sì fi omi tẹ́ èyí tí kò fẹ́ dùbúlẹ̀. Nígbà tí ọmọ ti jáde lọ jókòó sínú ọkọ̀, ó yíjú sí Romana.

“Bí wọ́n bá bi í, tí ò dáhùn ńkọ́?”

“Á dáhùn, Mama.”

“Ìwọ lò ń dáhùn fún un. Ọmọ yẹn ò ní ẹnu mọ́, Romana. Ìwọ ni ẹnu ẹ̀.”

Romana fèsì pé nígbà tí Paulina wà ní ilé-ìwé, kò ní ẹnu kankan rárá, ti ara rẹ̀ tàbí ti ẹlòmíràn. Klothilde di búrẹ́dì àti wàràkàsì sínú bébà, ó sì fi lé e lọ́wọ́.

“Nígbà tiwa,” ó ní, “ọmọ tí ò bá sọ̀rọ̀ ní kíláàsì, wọ́n á ní ilé ire ló ti wá. Ẹ jẹun kẹ́ ẹ tó wọlé.”

Ilé-ìwé ìdánwò wà ní ìsàlẹ̀ àfonífojì, ó jìnnà díẹ̀ ju ti abúlé wọn lọ. Obìnrin kan tí awò ojú rẹ̀ so mọ́ okùn lọ́rùn ni ó pàdé wọn lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní Ìyáàfin Bilgeri ni òun, òun ni yóò darí ìdánwò, Ọ̀gbẹ́ni Greber yóò sì ran òun lọ́wọ́. Ó bọ Paulina lọ́wọ́. Paulina na ọwọ́ rẹ̀ sí i, kò sọ nǹkan kan. Ìyáàfin Bilgeri wá wo ẹsẹ̀ ọmọ náà.

“Sílípáàsì rẹ̀ dà?”

Gbogbo ìyá tí ó ní ọmọ ní ilé-ìwé ní orílẹ̀-èdè náà ni ó mọ̀ pé a kì í wọ bàtà ìta wọ kíláàsì. Ọmọ kọ̀ọ̀kan ní sílípáàsì tirẹ̀ tí ń dúró dè é lórí pẹpẹ. Romana ti kọ́ ọmọ rẹ̀ fún odindi ọdún kan ní ìdáná. Ó ti kọ́ ọ ní ohun gbogbo tí ó wà nínú ìwé, ó sì gbàgbé èyí tí kò sí nínú ìwé kankan. Ojú tì í gan-an. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ àforíjì, ṣùgbọ́n Ìyáàfin Bilgeri gé e kúrú, ó ní ìbọ̀sẹ̀ náà kò burú. Paulina bọ́ bàtà rẹ̀. Ó wọlé pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀. Ìyáàfin Bilgeri ṣàlàyé fún Romana pé ìta ni òbí ń dúró sí, àti pé kò gbọdọ̀ ran ọmọ náà lọ́wọ́ lọ́nà kankan títí ìdánwò yóò fi parí. Bí ó bá ràn án lọ́wọ́, ìdánwò náà ti bàjẹ́ nìyẹn. Ó sọ ọ́ láìbínú, bí ènìyàn ṣe ń sọ fún àlejò pé òrùlé ilé ìdáná ò ga. Lẹ́yìn náà ó ti ilẹ̀kùn.

Romana jókòó sórí bẹ́ǹṣì tí wọ́n kàn fún àwọn ọmọdé ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, orúnkún rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àyà. Igi ilẹ̀kùn náà nípọn. Ohùn ń kọjá nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ kò kọjá. Ó gbọ́ ohùn Ìyáàfin Bilgeri. Lẹ́yìn rẹ̀, kò gbọ́ nǹkan. Ó gbọ́ ohùn ọkùnrin, tí ó rọ̀ ju ti obìnrin náà lọ. Lẹ́yìn èyí náà, kò gbọ́ nǹkan. Ó ti ń ronú ohun tí yóò sọ fún Gebhard lórí fóònù nígbà tí ohùn kẹta dé. Ohùn náà tín-ín-rín, ó sì ń lọ ní ọgbọọgba, láìdúró, bí ohùn ẹni tí ń kàwé. Romana gbé orí lé ògiri. Paulina ń kàwé fún àjèjì.

Láti ìgbà náà ni ara rẹ̀ ti balẹ̀ díẹ̀. Ohùn ọmọ náà ń lọ, ó ń bọ̀. Nígbà tí ó bá dákẹ́, Romana a máa sọ fún ara rẹ̀ pé ó ń kọ ìṣirò ni. Ó tú bébà búrẹ́dì, ó já díẹ̀ jẹ, ó sì tún un dì.

Ilẹ̀kùn ṣí. Ìdánwò kò tíì parí, Romana mọ̀ ọ́n, nítorí Paulina nìkan ni ó jáde. Ó ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀, kò yára, kò sì falẹ̀. Bí ó ṣe máa ń rìn nìyẹn bí ó bá dìde nídìí tábìlì ìdáná láti wá ohun tí kò mọ̀. Kò tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, nítorí kò sí ẹni tí ó kọ́ ọ rí pé àyè wà láti tọrọ. Ìyáàfin Bilgeri dúró sẹ́nu ọ̀nà lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú kálàmù lọ́wọ́. Ọ̀gbẹ́ni Greber, ọ̀dọ́mọkùnrin onírun pupa kan, na ọrùn lẹ́yìn obìnrin náà láti wo ohun tí ń ṣẹlẹ̀.

Paulina fi ẹnu kan etí ìyá rẹ̀.

“Mama, omi odò wa máa ń ṣàn wọ Adágún Bodensee. Mo ti sọ ìyẹn fún wọn. Lẹ́yìn adágún, ibo ló ń lọ?”

Romana mọ̀ ọ́n. Ó mọ̀ pé odò Rhine ni ó ń gbé omi náà jáde nínú adágún, tí ó ń gbé e gba ilẹ̀ Germany kọjá títí dé Òkun Àríwá. Orúkọ odò kan péré ni, kò tó ohun tí ènìyàn ń mí kanlẹ̀ kí ó tó sọ. Ó ti la ẹnu.

“Ìyáàfin Natter,” ni Ìyáàfin Bilgeri wí. Kò gbé ohùn sókè, kò sì fi ohunkóhun kún un.

Romana pa ẹnu dé. Ó di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ méjèèjì mú.

“Mo mọ̀ ọ́n, Paulina. Ṣùgbọ́n mi ò ní sọ ọ́.”

Ọmọ náà dúró dè é, bí ẹni pé gbólóhùn náà kò tíì parí.

“Ṣé ẹ ò mọ̀ ọ́n ni?”

“Mo ní mo mọ̀ ọ́n. Mi ò lè sọ ọ́ níbí. Wọlé padà, ọmọ mi.”

“Ta ni kí n wá bi?”

Ìbéèrè kejì nìyí, Romana kò sì lè dáhùn rẹ̀ pẹ̀lú. Kò wo ilẹ̀kùn. Kò mi orí. Ó fi ojú sí ọwọ́ ọmọ náà nínú ọwọ́ tirẹ̀, nítorí kò fẹ́ kí ojú òun sọ ohun tí ẹnu òun kò gbọdọ̀ sọ. Nígbà tí ó gbójú sókè, ojú Paulina ti yí padà. Romana ti rí ojú yẹn rí. Òun ni ó rí nígbà tí yìnyín ń yọ́, ní àwọn ọjọ́ tí ó ń pe ọmọ náà tí orí nìkan ń dá a lóhùn. Paulina gba ọwọ́ rẹ̀ padà. Ó yípo, ó gba abẹ́ apá Ìyáàfin Bilgeri wọlé, ilẹ̀kùn sì tún padà sí ipò rẹ̀.

Romana tẹ́tí. Kò gbọ́ ohùn kankan, ti ọmọ tàbí ti àgbà. Ó dúró títí. Ọkàn kan sọ fún un pé kí ó kan ilẹ̀kùn, kí ó mú ọmọ rẹ̀ jáde, kí ó sọ orúkọ odò náà fún un ní gbangba, kí ìdánwò sì lọ sí ibi tí ó bá ń lọ. Ṣùgbọ́n bí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀, ilé-ìwé ni Paulina yóò bá ara rẹ̀ ní ìgbà ìwọ́wé. Bí kò bá sì ṣe bẹ́ẹ̀, bóyá ohùn náà ti lọ nìyẹn, ilé tàbí ilé-ìwé kò tún ní ìyàtọ̀. Ó rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn. Ó ti pa òfin mọ́, ó sì ti ba ìlérí jẹ́, ẹni tí ó bà á jẹ́ fún kò sì mọ ohun tí òfin jẹ́. Ohun tí Klothilde sọ ní àárọ̀ padà wá sí i lọ́kàn. Kò bínú sí i mọ́. Bí òun bá jẹ́ ẹnu ọmọ náà lóòótọ́, òun náà ni ó ti pa á dé yìí.

Nígbà tí ilẹ̀kùn tún ṣí, Ìyáàfin Bilgeri ni. Ó ní kí Romana wọlé. Romana bọ́ bàtà rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà láìjẹ́ pé wọ́n sọ fún un.

Àga tí wọ́n gbé sílẹ̀ fún Paulina ṣófo. Lẹ́yìn náà ni Romana rí i pé ilẹ̀kùn kékeré kan wà ní ìkángun kíláàsì, tí ó wọ yàrá mìíràn, àti pé níbẹ̀ ni wọ́n tẹ́ máàpù ńlá kan sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Paulina kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ France. Ọ̀gbẹ́ni Greber kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìka ọmọ náà ń tẹ̀ lé ìlà aláwọ̀ búlúù kan lọ sí ìhà àríwá, ó sì ń bèèrè lọ́wọ́ ọkùnrin náà bóyá ẹja mọ̀ nígbà tí òun bá kọjá ààlà. Ọ̀gbẹ́ni Greber ní òun kò rò bẹ́ẹ̀, kò sí ẹni tí ń bi ẹja ní ìwé ìrìnnà.

Paulina rí ìyá rẹ̀.

“Wọ́n mọ̀ ọ́n, Mama,” ó ní. “Òkun ló ń lọ.” Ó sì padà sórí máàpù.

Ìyáàfin Bilgeri fún Romana ní àga. Ó ròyìn ohun tí ó ṣẹlẹ̀ fún un ní ṣókí, ó ń wo ìwé tí ó wà níwájú rẹ̀. Ọmọ náà wọlé, ó sì jókòó. Ó ní òun tún ìbéèrè náà bi í, ó dákẹ́. Òun ti gbé kálàmù láti kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò mọ̀ ọ́n, kí àwọn kọjá lọ. Ìgbà náà ni ó sọ̀rọ̀.

“Ó ní, ‘Màmá mi mọ̀ ọ́n, wọn ò sọ ọ́. Ẹ̀yin ńkọ́, ṣé ẹ mọ̀ ọ́n?’” Ìyáàfin Bilgeri yọ awò ojú rẹ̀. “Ó ti pẹ́ tí mo ti ń dán ọmọ wò, Ìyáàfin Natter. Kò tíì sí èyí tó dán mi wò padà.”

“Ṣé ẹ yege?” Romana kò mọ ìgbà tí ó sọ ọ́.

“Ó jẹ́ kí n yege,” ni obìnrin náà dáhùn. Ẹnu rẹ̀ mì díẹ̀, ṣùgbọ́n kò rẹ́rìn-ín. Ó ṣàlàyé pé Paulina yege nínú ìwé kíkà àti ìṣirò pẹ̀lú máàkì tí ó ga. Nínú ìmọ̀ nípa ilẹ̀ àti àyíká, máàkì àárín ni òun fún un, nítorí òun kò lè fún ọmọ ní máàkì fún ohun tí òun fúnra òun sọ fún un. Nípa ìjáde rẹ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, òun rí ohun tí ó ṣẹlẹ̀, òun sì gbọ́ ohun tí ìyá sọ. Kò sí ẹni tí ó ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ó lu òǹtẹ̀ sórí ìwé ẹ̀rí náà, ó sì fi lé Romana lọ́wọ́. Paulina lè kàwé nílé ní ọdún tí ń bọ̀.

Romana dúpẹ́. Ìyáàfin Bilgeri ti ń pe ọmọ náà kí ó wá wọ bàtà rẹ̀.

Nínú ọkọ̀, Paulina jẹ búrẹ́dì tí Klothilde dì fún wọn, ó sì wo odò ní ẹ̀bá ọ̀nà, èyí tí ń ṣàn ní òdì kejì ibi tí wọ́n ń lọ. Romana retí kí ó bi òun ní ìdí tí òun fi kọ̀ fún un. Ó ti to ìdáhùn náà sílẹ̀. Ọmọ náà kò bi í.

“Ìyáàfin Bilgeri,” ni Paulina wí nígbà tí ó pẹ́, “ṣé wọ́n máa ń wà níbẹ̀ lójoojúmọ́?”

Ìwé ẹ̀rí wà nínú báàgì Romana, ó sì fún un ní ọdún kan sí i nídìí tábìlì ìdáná. Ó lè sọ pé ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni obìnrin náà ń wá sí ibẹ̀. Ó lè sọ pé ilé-ìwé náà ti jìnnà jù. Kò sí ẹni tí yóò tako òun. Ṣùgbọ́n ìbéèrè méjì ni ó ti kọ̀ láti dáhùn fún ọmọ náà ní ọjọ́ yẹn.

“Lójoojúmọ́ ni,” ó dáhùn. “Àfi Sátidé àti Sọ́ńdè, àti ìgbà ìsinmi.”

Paulina tún wo odò.

“Àwọn ọmọ tó wà lọ́dọ̀ wọn, ṣé gbogbo wọn ló lè bi wọ́n ní nǹkan?”

“Mi ò mọ̀,” ni Romana wí, òótọ́ ni ó sì sọ. Gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn, ó yẹ kí ó fi kún un pé àwọn yóò jọ lọ bèèrè. Ó gbé e dé ọ̀fun, ó sì mú un dúró níbẹ̀. Ọ̀nà ti bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè.

“Màá lọ bi wọ́n,” ni Paulina wí. “Ẹ̀yin ẹ dúró dè mí nínú mọ́tò.”